Ọmọ Tí A Pè Tí Kò Dáhùn

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ètò Ìròhìn bá àwọn ará Oríta-mẹ́rin, Ìbàdàn, sọ nípa etí dídi, kókó inú iṣan etí, àti ẹ̀rọ tí a ń fi sínú etí

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ etí ni. Mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹni tí ó bá gbọ́ ọ níhìn-ín bá mi sọ ọ́ fún ẹni tí kò lè wá, nítorí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ lè jẹ́ ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn mi rárá.

Gbogbo wa ni a mọ bí Oríta-mẹ́rin ti rí. Ẹni tí ó bá dúró níta lówùúrọ̀ yóò gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta, yóò gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀, yóò gbọ́ fèrè ọkọ̀ tí ń lọ sí Bẹẹrẹ àti ti èyí tí ń bọ̀ láti Ọjàába, yóò sì gbọ́ ohùn àwọn tí ń polówó ọjà. Nínú gbogbo ariwo yìí, ọmọ kan lè wà tí kò gbọ́ ohun kan. Ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Ìyá bínú, ó ní olóríkunkun ni, ó sì nà án. Ọmọ sunkún, kò sì mọ ohun tí òun ṣe. Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe kí etí gbọ́ àti kí ènìyàn tẹ̀lé àṣẹ. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn fún wa láti pe ẹni tí etí rẹ̀ di ní aláìgbọràn.

Ọwọ́ èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àbúrò mi kan ń bẹ nílé wa ní Bẹyẹrúnká. Èèyi mú un kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ yá, gbogbo ilé sì dúpẹ́. Láti ìgbà náà wá ni kì í ti í dáhùn bí a bá pè é láti ẹ̀yìn. A ní àkẹ́jù ti bà á jẹ́. Èmi ni wọ́n máa ń rán láti lọ mú un wá, mo sì gbá a létí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó di ọdún kẹrin kí ìyá àgbà kan láti agboolé kejì tó wá kí wa, tí ó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Gbogbo wa ni a ta gìrì. Òun nìkan ni kò yíjú padà. Ìyá àgbà náà ní, “Ẹ̀yin ará ilé yìí, ọmọ yín kì í ṣe aláìgbọràn. Adití ni.” Ọdún mẹ́rin tí a fi ń nà án ni ó yẹ kí a ti fi kọ́ ọ ní èdè. N kò lè dá ọdún wọ̀nyí padà fún un. Ohun tí mo lè ṣe kò ju kí n wá sọ ọ́ fún yín.

Bí etí ti ń ṣiṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí etí jẹ́. Apá tí a ń rí lóde, tí a ń fi yẹtí sí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Bí ìró bá wọlé, yóò kan awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó nà bí awọ ìlù. Awọ náà yóò gbọ̀n, yóò sì mi egungun wẹ́wẹ́ mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn egungun yìí ni yóò gbé ìró náà dé yàrá kékeré kan tí ó lọ́ po bí ìkarahun ìgbín, tí omi kún inú rẹ̀. Nínú ìgbín yìí ni irun tín-ín-tìn-ìn-tín wà, tí sẹ́ẹ̀lì tí ó ru wọ́n tó nǹkan bí 15,000. Àwọn ni wọ́n ń sọ ìró di iná mànàmáná kékeré, tí iṣan ìgbọ́ràn sì ń gbé e lọ bá ọpọlọ. Ọpọlọ ni ó ń gbọ́. Etí kàn ń jẹ́ iṣẹ́ fún un ni.

Nítorí náà, oríṣi etí dídi méjì ni ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀. Èkíní ni èyí tí ọ̀nà dí: ìdọ̀tí etí ti le, awọ ìlù etí ti ya, tàbí etí ń ṣọyún. Dókítà lè tún púpọ̀ nínú irú èyí ṣe. Èkejì ni èyí tí àwọn irun inú ìgbín kú, tàbí tí iṣan tí ń jẹ́ iṣẹ́ bàjẹ́. Irun orí wa, bí a bá fá a, a tún hù. Irun inú etí, bí ó bá kú, kì í hù mọ́.

Ohun tí ń di etí ní ilẹ̀ wa

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2021 pé ènìyàn tí ó ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ ni ìgbọ́ràn wọn dín kù dé ìwọ̀n kan, àti pé mílíọ̀nù 430 nínú wọn ni ó nílò ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìròhìn wọn tí ó yẹ kí ó dùn mọ́ òbí nínú: nínú ọmọdé 10 tí etí wọn di, 6 wà tí a ìbá ti dáàbò bò.

Àwọn àrùn tí ń di etí ọmọ kì í ṣe àjèjì sí wa. Èèyi wà nínú wọn. Àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí ń mú awọ tí ó bo ọpọlọ wú tí ọrùn aláìsàn fi ń gan, wà nínú wọn. Ibà pọ́njú tí ó bá le koko lára ọmọ tuntun lè pa iṣan etí rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò fara da káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ. Bí a bá wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ojú wọn lè pọ́n kíákíá. Àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1969, a máa di etí pẹ̀lú: nínú ìwádìí kan ní Sierra Leone tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1990, nǹkan bí 3 nínú aláìsàn 10 ni etí wọn di. Àwọn oògùn kan náà wà, bí kuníìnì àti abẹ́rẹ́ gentamicin, tí wọ́n ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ wọ́n lò, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè ba etí jẹ́ bí a bá lò wọ́n ní ìlòkulò. Lẹ́yìn èyí ni ariwo. Alágbẹ̀dẹ, onílọta àti ẹni tí ń jókòó ti gbohùngbohùn ní òde àríyá ń ná ìgbọ́ràn wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ná owó ìpamọ́.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe ní Ìbàdàn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òkè òkun nìkan ni a ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, tí a ṣí ní ọdún 1957, ti ṣe iṣẹ́ tí ayé mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ ń ta tàbí tí ó ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Kò jókòó sí ilé ìwòsàn kí ó máa dúró dè wọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá wọn nílé, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ọ̀sọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ògúǹdé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gẹ́ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, tí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà kò sì tó lára rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ ẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1968, fi hàn pé àmì oró yìí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, ó sì ka oúnjẹ náà sí orísun àìsàn wọn. Ọdún 1995 ni ó kú.

Àwọn onímọ̀ tún padà sí Ọ̀sọ̀sà, wọ́n sì sọ ní ọdún 2000 pé àìsàn náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ń jiyàn bóyá oró ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á. Báyìí ni ìwádìí ti ń rìn: ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kù fún ilé ìdáná wa kò yí padà. Kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kí a tó yan án ní gàrí, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin sì máa tẹ̀lé e.

Kókó inú iṣan etí

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà fetí sí apá yìí dáadáa. Nígbà mìíràn, kókó kan a máa hù sára iṣan tí ó ti inú etí lọ sí ọpọlọ. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í tàn ká ara. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò wọ́pọ̀: nínú 100,000 ènìyàn, ẹnì kan tàbí méjì ni wọ́n ń rí i lára wọn lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà jù, ọpọlọ ni yóò máa tì, ibẹ̀ ni ewu sì wà.

Àmì rẹ̀ ni pé etí kan ṣoṣo ni yóò máa di, tí èkejì sì dá ṣáká. Ẹni náà lè máa gbọ́ ìró kan tí ń hó nínú etí kan náà, bí ìgbà tí omi ń hó lórí iná. Ó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ibẹ̀ sì lè kú. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìdí fóònù ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ̀: bí wọ́n bá gbé e sí etí ọ̀tún, wọ́n á gbọ́, bí wọ́n bá gbé e sí òsì, ohùn kò já geere. Ní àdúgbò wa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a máa ń sọ fún pé ayé ni wọ́n ń pè é, kí ó má dáhùn, kí ó lọ wá nǹkan ṣe sí i. Kí ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà etí. Wọn yóò wọn ìgbọ́ràn rẹ̀, bí ó bá sì yẹ, wọn yóò fi ẹ̀rọ tí ń lo agbára òòfà ya àwòrán inú orí rẹ̀. Bí kókó náà bá kéré, wọ́n lè máa ṣọ́ ọ lásán. Bí ó bá ń dàgbà, wọ́n lè fi ìtànṣán sun ún tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kò sì ṣàjèjì sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1962 ni Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ irú iṣẹ́ abẹ yìí, dé láti Amẹ́ríkà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCH. Ó kú ní 1974 láìtíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ìkàwé ìṣègùn tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ títí di òní.

Ẹ̀rọ tí a ń fi sínú ìgbín etí

Ní ọdún kan náà tí a ṣí UCH, ní February 1957, ní ìlú Paris, André Djourno àti oníṣẹ́ abẹ Charles Eyriès fi wáyà sí iṣan etí ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ méjèèjì ti di pátápátá. Ọkùnrin náà gbọ́ ìró. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ já geere, ẹ̀rọ náà kò sì pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní 1961, William House ṣe irú rẹ̀ ní Los Angeles.

Ìṣòro tí ó kù ni bí wáyà yóò ti wọ inú ìgbín tí ó lọ́ po láìba ohun tí ó wà níbẹ̀ jẹ́. Graeme Clark, ará Australia, tí bàbá òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ràn dáadáa, ni ó ń ro èyí nígbà tí ó wà ní etí òkun ní 1977. Ó he ìkarahun kan nílẹ̀, ó já ewé koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í wọnú ìkarahun náà. Ó rí i pé koríko tí orí rẹ̀ rọ̀ tí ìdí rẹ̀ sì le ni ó ń wọlé wọ́ọ́rọ́. Báyìí ni ó ṣe ṣe wáyà tirẹ̀. Ní August 1978, ní Melbourne, ó fi ẹ̀rọ náà sí etí Rod Saunders, ẹni tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti sọ di adití. Ọkùnrin náà sì tún padà gbọ́ ọ̀rọ̀. Títí di ọdún 2022, irú ẹ̀rọ yìí tí a ti fi sí etí àwọn ènìyàn ní gbogbo àgbáyé ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Ọ̀kan wà lóde, lẹ́yìn etí, tí ń gba ohùn. Èkejì wà lábẹ́ awọ orí, tí ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán iná mànàmáná kékeré sínú ìgbín etí. Kò tún irun tí ó ti kú ṣe. Ó fò wọ́n dá ni, ó lọ bá iṣan sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí iṣan náà bá ti ṣègbé, bí ó ti lè rí lára ẹni tí kókó hù sí etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀rọ yìí kò lè ràn án lọ́wọ́. Nítorí irú wọn ni House àti William Hitselberger ṣe fi wáyà kan ìsàlẹ̀ ọpọlọ gan-an ní 1979, fún obìnrin kan tí irú kókó bẹ́ẹ̀ ń bá jà.

N kò ní í tàn yín jẹ. A ti ń fi ẹ̀rọ yìí sí etí ènìyàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ó nílò bátìrì, ó nílò àtúnṣe, ó sì nílò ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà láti mọ ìtumọ̀ ohun tí ó ń gbọ́. Ọmọ tí a bí ní adití, kí a tó ṣe é fún un ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó dára jù, nítorí pé ọpọlọ tí kò gbọ́ èdè ní kékeré yóò fi àyè èdè náà fún iṣẹ́ mìíràn. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há etí, tí owó rẹ̀ kéré sí èyí, ti tó fún ọ̀pọ̀ ẹni tí etí wọn kò di tán.

Ẹni tí kò gbọ́ràn kì í ṣe ẹni tí kò ní ọgbọ́n

Bí owó kò bá sì sí ńkọ́? Ṣé kí a gbé ọmọ jókòó ni? Rárá o. Ní ọdún 1960, Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn yìí. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn di etí rẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, ní 1954. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 1987, ó ti dá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó ju 30 lọ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti 1977 sì ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn abirùn, èyí tí ó wà ní Ọ̀yọ́, ti wà. Òfin tí a fọwọ́ sí ní January 2019 sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àbùkù ara du ènìyàn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbà á là. Ọwọ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń ránṣọ, ó ní ìyàwó, ó sì ní ọmọ. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo pẹ́ kí n tó kọ́ èdè rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé

Èkíní: ẹ dán etí ọmọ yín wò. Ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ pàtẹ́wọ́. Bí ọmọ oṣù mẹ́fà kò bá wá ibi tí ohùn ti wá, bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kò bá tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ má dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi ní oṣù 9 àti ní oṣù 15. Kò gbowó.

Ẹ̀kẹta: bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, kì í ṣe oòrùn ni kí ẹ gbé e sí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sì fi káńfọ̀ sí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ẹ má ti ìkọ́tí, ìyẹ́ adìẹ tàbí ìdí ìṣáná bọ etí. Ẹ má da epo ìdáná tàbí àgbo sí i. Etí tí ń ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ méjì ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Ẹ̀karùn-ún: ẹ má gbá ọmọ létí. Awọ ìlù etí a máa ya nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: bí ibi iṣẹ́ yín bá pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi ní láti kígbe kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́, ariwo náà ti pọ̀ jù. Ẹ ra ohun ìdítí, ẹ sì máa sinmi kúrò níbẹ̀.

Èkeje: bí etí kan ṣoṣo bá ń di tàbí tí ó ń hó, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà tí ó jẹ́ kí ọmọrí ìkòkò bọ́ sílẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ó kàn fara balẹ̀ wo ọmọ ọlọ́mọ ni. Bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọ yín láti ẹ̀yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Èyí tí kò bá dáhùn, ẹ má nà án. Ẹ tún un pè. Bí kò bá tíì dáhùn síbẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kí Olódùmarè dá etí wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn ara wa.